Kásẹ́ẹ̀tì Ẹgbẹ́ Ìjì Òwúrọ̀

Ẹ jókòó. Ẹ fa bẹ́ǹṣì yẹn wá síbi òjìji, oòrùn Òkè Baálẹ̀ kì í mọ ọmọ ẹni. Mo ti rí wáyà tí ẹ mú dání, mo sì rí fóònù. Sìkírátù àbúrò mi, ìyá ìyá yín, ti sọ fún mi pé ẹ ń bọ̀ wá da orin inú kásẹ́ẹ̀tì mi kọ sórí fóònù, kí gbogbo ayé lè gbọ́ Ẹgbẹ́ Ìjì Òwúrọ̀. Ẹ ṣeun. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí àwọn èèyàn ti ń bi mí léèrè kásẹ́ẹ̀tì yìí, ìdáhùn kan náà ni mo sì ń fún wọn: "Ó wà nílé." Lónìí, mi ò ní fún yín ní ìdáhùn yẹn. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún yín, nítorí ẹni tí kò mọ iyì ohun tó sọnù kò lè báni dárò.

Ogun abẹ́lé ò tíì pẹ́ tó parí nígbà náà. Mo ti gba fírídọ̀mù nídìí iṣẹ́ rédíò títúnṣe, mo sì ní ṣọ́ọ̀bù kótópó kan ní Òkè Fia. Òkè Fia tí ẹ mọ̀ lónìí, tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan ń pariwo níwájú ṣọ́ọ̀bù fóònù, tí èkejì ń pariwo lé e lórí, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ lè gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ láti òdì kejì títì. Tí ọkọ̀ ojú irin bá fọn fèrè ní ibùdókọ̀ rẹ̀, gbogbo Òṣogbo ló ń gbọ́, a sì ń fi mọ ohun tí aago wí. Gbọ̀ngàn kan wà nítòsí ṣọ́ọ̀bù mi, ilé alájà kan tó ní fèrèsé mẹ́sàn-án. Mo mọ iye rẹ̀ nítorí èmi ni mo máa ń tì wọ́n kí ohùn má baà sá jáde. Ibẹ̀ ni a ti ń ṣe ohun tí a ń pè ní Sọ́ńdè jọ́ńpù, ijó àwọn ọ̀dọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Láti aago méjì ọ̀sán títí di aago mẹ́fà ni, kí ọmọ olúkúlùkù lè délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn ọ̀dọ́ á wọ ṣòkòtò lábú tí ẹnu rẹ̀ ń gbálẹ̀, wọ́n á wọ bàtà gáráńtì tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ga bí àpótí ìjókòó. Mo rí ọmọkùnrin kan tó ṣubú láti orí bàtà rẹ̀. Kì í ṣe àsọdùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́.

Oríṣiríṣi ẹgbẹ́ ló ń wá ta gìtá níbẹ̀, ṣùgbọ́n Ìjì Òwúrọ̀ ni tiwa. Orin wọn kì í ṣe jùjú, kì í sì í ṣe háílàìfù. Rọ́ọ̀kì ni, gìtá oníná tó ń han, tí wọ́n fi Yorùbá kọ. Èèyàn mẹ́rin ni wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fi méjì nínú wọn sílẹ̀, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn. Méjì ni ọ̀rọ̀ mi kàn.

Rẹ̀mí ló ń ta gìtá, òun náà ló ń kọrin. Ọmọ Ìwàrà ni, lẹ́bàá Iléṣà. Oko kòkó àti obì ni bàbá rẹ̀ fi tọ́ ọ. Tó bá ń ṣe okùn gìtá rẹ̀, ńṣe ló máa lóṣòó, tí yóò fi etí kan igi, kò sì ní dìde títí ohùn yóò fi bọ́ síbi tó fẹ́. Èkejì ni Jìnádù, onílù jáàsì wa, káfíńtà ni níbí ní Òkè Baálẹ̀. Òun ló kan àpótí gbohùngbohùn wọn, èmi ni mo de ẹ̀rọ inú rẹ̀. Tí Jìnádù bá rí Rẹ̀mí lórí ìlóṣòó, á ní, "Ẹ wo ọmọ Ọ̀ṣómàáló. Kí ni okùn yẹn jẹ ọ́ tí o fi lóṣòó tì í?"

Rẹ̀mí kò ní gbójú sókè. "Ohùn ló jẹ mí. Mi ò sì ní dìde."

"Ìjẹ̀ṣà, àánú okùn náà ń ṣe mí."

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Àwa náà máa ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan, okùn kẹta gìtá Rẹ̀mí já ní àárín jọ́ńpù. Okùn mẹ́fà ló wà lára gìtá. Kẹta láti ìsàlẹ̀ ni mo ń sọ. Kò sí òmíràn ní gbogbo Òṣogbo, Ìbàdàn ni à bá ti lọ rà á. Àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mo yọjú láti ojú fèrèsé, mo rí kẹ̀kẹ́ Jìnádù tó fara ti ògiri. Mo jáde, mo gé wáyà bíréèkì rẹ̀. Wáyà bíréèkì kì í ṣe wáyà kan ṣoṣo o. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀ ni wọ́n lọ́ pọ̀. Mo tú u, mo fa ẹyọ kan yọ, Rẹ̀mí lóṣòó, ó so ó mọ́ gìtá. Ohùn tó jáde lára rẹ̀, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí, mi ò sì tíì gbọ́ ọ láti ìgbà náà. Ó há díẹ̀, bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán tó ń gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, Rẹ̀mí kò tún so okùn gidi sí ipò kẹta mọ́.

Ẹnikẹ́ni kò rántí sọ fún Jìnádù. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ relé lẹ́yìn jọ́ńpù, ó ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè yìí, ó tẹ bíréèkì, bíréèkì ò sí. Inú ìkòkò aró ìyá mi ló dúró sí, lẹ́yìn ilé wa níbẹ̀ yẹn. Ìyá mi wò ó tó rì dé itan, ó ní, "Jìnádù, èwo lo mú wá rẹ nínú aṣọ?" Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ẹsẹ̀ rẹ̀ fi dúdú bí ẹtù.

Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Oníṣẹ́ ọnà ọrùn agbádá ni, abẹ́rẹ́ ló fi jẹun títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ó tún abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì bọ aṣọ, ó ní, "Gìtá ló tì í síbẹ̀." Kò fẹ́ràn gìtá rárá. Ó ní ariwo tí kì í jẹ́ kí èèyàn rántí Ọlọ́run ni. Kì í lù mí, mo ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n tó bá rí kásẹ́ẹ̀tì orin nínú yàrá mi, á gbé e síwájú mi lórí ẹní, á sì jókòó tì í láìsọ̀rọ̀. Èyí burú ju kí ó lù mí lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ìgbà kan wà tí a rò pé Ìjì Òwúrọ̀ máa lọ sí Èkó lọ ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù. Gbogbo ètò ti parí. Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni ìròyìn dé láti Ìwàrà pé bàbá Rẹ̀mí já bọ́ láti orí igi obì, pé ìdí rẹ̀ ti yẹ̀. Rẹ̀mí nìkan ni ọmọkùnrin rẹ̀, kòkó sì wà lórí igi. Rẹ̀mí ní òun máa ta gìtá ní jọ́ńpù ọjọ́ Sọ́ńdè yẹn, lẹ́yìn náà òun máa wọ ọkọ̀ Iléṣà. Mo gbé rẹ́kọ́dà mi lọ. Mo gbé e ka orí àga níwájú fèrèsé kẹrin, mo fi gèlè ìyá mi tẹ́ abẹ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ má baà gbọ̀n ọ́n. Nígbà tí wọ́n dé orí "Ọ̀nà Ìwàrà", tí í ṣe orin Rẹ̀mí fúnra rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́.

Ìṣẹ́jú mẹ́fà àti àbọ̀ ni. Rẹ̀mí á kọ́kọ́ fi egungun ìka kan igi gìtá, láti fún àwọn tó kù ní ìwọ̀n. Lẹ́yìn náà ni okùn wáyà bíréèkì á dá nìkan sọ̀rọ̀. Jìnádù á wọlé pẹ̀lú ìlù ńlá, kì í fọwọ́ kan àwo irin tó ń dún títí ẹsẹ orin kejì á fi bẹ̀rẹ̀. Ní àárín rẹ̀, níbi tí gbogbo wọn ti dákẹ́ kí Rẹ̀mí lè dá gbé ohùn sókè, ọkọ̀ ojú irin fọn fèrè. Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yìí ṣe. Ó dúró. Ó jẹ́ kí fèrè náà parí. Ó sì fi okùn kẹta dá a lóhùn, ohùn kan náà gan-an, bí ẹni pé ọkọ̀ náà ló bi í ní ìbéèrè. Gbogbo gbọ̀ngàn hó. Lẹ́yìn tí orin parí, tí Rẹ̀mí rò pé mo ti pa ẹ̀rọ, ó sọ pé, "Ó tán." Ohùn rẹ̀ nìyẹn, lórí kásẹ́ẹ̀tì.

Ó wọ ọkọ̀ Iléṣà. Kò padà wá. Ìdí bàbá rẹ̀ kò jinná, oko kò sì jẹ́ kí ó gbérí. Ìjì Òwúrọ̀ tú.

Mo gbé kásẹ́ẹ̀tì náà wálé. Eyín kékeré kan máa ń wà ní ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì. Tí ẹ bá ṣẹ́ ẹ, rẹ́kọ́dà kò ní gbà kí ẹ gba ohùn mìíràn lé orí tìṣáájú. Mo ṣẹ́ ẹ. Kí bàbá mi má baà rí i gbé síwájú mi lórí ẹní, mo mú bírò, mo kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà: WÁÀSÍ ÀÀWẸ̀. Mo rò pé mo gbọ́n.

Èmi àti Jìnádù ló kù, a sì di arúgbó pa pọ̀. Kò sí ọjọ́ tí a kì í sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ náà, kò sì sí ọjọ́ tí a kì í jiyàn lórí ohun kan: ẹ̀ẹ̀melòó ni Rẹ̀mí ń kan igi gìtá kí "Ọ̀nà Ìwàrà" tó bẹ̀rẹ̀? Èmi ní mẹ́ta. Jìnádù ní mẹ́rin.

"Èmi ni mo ń lu ìlù," á wí. "Òun ni mo ń wò kí ọ̀pá mi tó gbéra. Ìwọ ń wo rẹ́kọ́dà."

"Rẹ́kọ́dà náà ló gbọ́ ọ. Mẹ́ta ni."

"Gbé e wá ká gbọ́."

"Batiri rẹ̀ ti kú." Tàbí, iná ti lọ. Tàbí, ó wà lábẹ́ ẹrù. Nítorí ní àkókò tí mo ń sọ yìí, orin ti kúrò nínú kásẹ́ẹ̀tì náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Bàbá mi kú. Ọlọ́run forí jì í. Lọ́jọ́ fidáù ọjọ́ kẹjọ, àwọn mọ̀lẹ́bí ní èmi tí mo jẹ́ oníṣẹ́ rédíò ni kí n gba wáàsí sílẹ̀. Mo ra kásẹ́ẹ̀tì tuntun méjì. Rẹ́kọ́dà jẹ ìkíní, téèpù inú rẹ̀ lọ́ mọ́ ẹ̀rọ bí ìfun adìẹ. Mo fà á yọ kúrò nínú ẹ̀rọ, mo ń tú u lọ́wọ́ nígbà tí mo rí i pé ìkejì ti sán. Ààfáà ti ń wẹ ọ̀fun, ìyá mi sì ti ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà. Sìkírátù sáré wọ yàrá mi. Ó ṣe é dáadáa, ẹ̀yin ọmọ. Ó wá kásẹ́ẹ̀tì tí pípa ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ rẹ́ kò ní dun ẹnikẹ́ni. Wáàsí ààwẹ̀ wà lọ́dọọdún, àmọ́ fidáù bàbá ẹni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Ó rí i pé wọ́n ti ṣẹ́ eyín rẹ̀, ó sì fi bébà dí ihò náà, gẹ́gẹ́ bí èmi fúnra mi ti kọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù, kí rẹ́kọ́dà lè gbà. Ó fi í sínú ẹ̀rọ, ó tẹ̀ ẹ́, ó kọjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni pé kí n má ṣòpò mọ́.

Orí ilẹ̀ ni mo jókòó sí nígbà náà, mò ń tú téèpù, mi ò wo èyí tó fi sínú ẹ̀rọ. Ọjọ́ kẹta ni mo tó lọ wá kásẹ́ẹ̀tì mi.

Ta ni mo fẹ́ bínú sí? Ọ̀rọ̀ rere nípa bàbá mi ló bo orin náà mọ́lẹ̀. Ohùn ìyá mi tó ń ṣe "àmín" wà níbẹ̀. Mo tẹ́tí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, mò ń wá ibi tí gìtá ti lè kù, bóyá ní ẹ̀yìn àdúà. Kò kù ẹyọ kan. Irọ́ tí mo pa fún bàbá mi nígbà ayé rẹ̀, ó dúró dè mí títí di fidáù rẹ̀. Mi ò sọ fún Sìkírátù. Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi mí nípa orin náà, mo ń sọ pé ó wà nílé.

Mo sì fi ohun tí kò sí borí Jìnádù. Èyí ló ń dùn mí jù. Ọdún tó ṣàìsàn ìkẹyìn, mo lọ kí i. Ó ti gbẹ. Ó ní, "Ìwọ, mo ti rò ó. Kásẹ́ẹ̀tì kì í gbàgbé nǹkan, èèyàn ló ń gbàgbé. Bóyá mẹ́ta ni lóòótọ́. O borí." Mo ní, "Sinmi, Jìnádù." Ó kú lọ́jọ́ kejì, a sin ín kí a tó kírun Àsárì. Onílù gbà kí ẹlẹ́rọ kọ́ òun ní ìwọ̀n ìlù òun, ó sì gbé e wọ sàréè.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi lọ ju ogún lọ. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, obìnrin kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó kúnlẹ̀, ó ní Bọ́sẹ̀ lorúkọ òun, ọmọ Rẹ̀mí ará Ìwàrà.

"Bàbá, ẹ má bínú. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló mú bàbá mi. Ọwọ́ ọ̀tún ti kú, kò sì lè sọ̀rọ̀. Àmọ́ ó máa ń fi ọwọ́ òsì ṣe báyìí lórí ibùsùn." Ó fi ìka rẹ̀ rìn lórí tábìlì mi. "Ìyá mi ní gìtá ló ń ta. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ní orin wọn. Ká ní ó lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan."

Ẹnu mi ti ń mú "ó wà nílé" bọ̀. Ó wọ̀ mí lẹ́nu ni. Mo ní, "Màá wá ní Sátidé."

Mo gbé rẹ́kọ́dà dání lọ sí Ìwàrà, mo gbé kásẹ́ẹ̀tì náà dání, bí ọ̀daràn tó gbé ẹrù ẹ̀bi rẹ̀ lọ sí kóòtù. Wọ́n fún mi ní iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí Rẹ̀mí. Rẹ̀mí wà lórí ibùsùn lẹ́bàá fèrèsé. Ẹ kì bá mọ̀ pé òun ló máa ń lóṣòó ní gbọ̀ngàn Òkè Fia. Ojú rẹ̀ nìkan ni kò yí padà. Ó rí rẹ́kọ́dà, ojú náà tàn.

Mo lé gbogbo wọn jáde àfi Bọ́sẹ̀. Mo sọ ọ́ fún Rẹ̀mí, gbogbo rẹ̀, orúkọ tí mo kọ sí i lára, fidáù, Jìnádù. Mo ní, "Rẹ̀mí, orin ò sí nínú rẹ̀ mọ́. Èmi ni mo sọ ọ́ nù." Ojú rẹ̀ kúrò lára mi, ó lọ sójú fèrèsé. Omi yọ níbẹ̀.

Mo ní, "Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ, ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n." Mo jókòó sétí ibùsùn, mo bẹ̀rẹ̀. "O kan igi gìtá lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

Ọwọ́ òsì rẹ̀ gbéra. Ó fi egungun ìka kan igi ibùsùn. Mo ka á. Mẹ́rin.

Mo ní, "Mẹ́ta, Rẹ̀mí."

Ó wò mí bó ṣe máa ń wo okùn gìtá tí kò tíì bọ́ sípò. Ó tún un kàn, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń kọ́ ọmọ ilé ìwé. Bọ́sẹ̀ ní, "Mẹ́rin ló ń kàn, Bàbá."

Mo gbé e láti ibẹ̀. Mo sọ ibi tí wáyà bíréèkì ti sọ̀rọ̀, ibi tí Jìnádù ti wọlé, ibi tó fi àwo sílẹ̀. Ìka rẹ̀ ń rìn lórí aṣọ ibùsùn, ó ń bá mi lọ. Nígbà tí mo dé ibi fèrè ọkọ̀ ojú irin, ìka náà dúró. Èmi náà dákẹ́. Ó dúró tó bí fèrè náà ṣe gùn tó, lẹ́yìn náà ìka kan ṣoṣo gbéra, ó sì balẹ̀. Nígbà tí a parí, mo bá a sọ ọ́, "Ó tán." Ó ṣẹ́jú. Ó ṣì wà láyé ní òwúrọ̀ yìí, Bọ́sẹ̀ pè mí.

Lójú ọ̀nà àbọ̀, mo ní kí awakọ̀ dúró ní ibi ìsìnkú Òkè Baálẹ̀. Mo dúró lórí Jìnádù, mo ní, "Mẹ́rin ni." Ó pẹ́ jù. Mo ṣáà sọ ọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ò ní gbọ́ Ìjì Òwúrọ̀. Ẹni tó gbọ́ ọ kù díẹ̀, ọ̀kan nínú wọn kò lè sọ̀rọ̀, èkejì ni mo jẹ́, ẹ sì ti mọ irú ẹlẹ́rìí tí mo jẹ́. Sìkírátù ń bọ̀ láti ọjà. Èmi ni màá sọ fún un lónìí, ẹ má bá mi sọ ọ́. Màá sọ pé òun kò ṣẹ̀, pé ọwọ́ mi ló kọ irọ́ sára kásẹ́ẹ̀tì náà.

Ẹ fi wáyà yín sí rẹ́kọ́dà yìí. Ẹ da fidáù náà kọ. Bàbá ńlá yín ni, ohùn ìyá mi sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wáàsí tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tan fóònù náà, ẹ gbé e súnmọ́ bẹ́ǹṣì. Màá fi ìka kàn án. Ẹ bá mi kà á, kí n má baà ṣì í.